Èpò ń jẹ èrè ẹ̀fọ́ mi tán: kí ni kí n máa gbìn tẹ̀lé kí ni?

Ẹlẹ́fọ̀ọ́_Ọ̀jọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ Èkó. Apá Ọ̀jọ́ ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́, lábẹ́ wáyà iná ńlá, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ni mò ń gbìn láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Bí mo bá ti fa tẹ̀tẹ̀ tán lórí bẹ́ẹ̀dì kan, màá da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, màá tún fọ́n tẹ̀tẹ̀ mìíràn. Ilẹ̀ náà ṣì ń ṣe dáadáa, àmọ́ èpò ti fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Dáńdá ló pọ̀ jù, èyí tí ewé rẹ̀ ń dán, tó ní kókó dúdú lábẹ́ ilẹ̀. Gbégi wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún náà wà níbẹ̀. Owó tí mò ń san fún àwọn tó ń bá mi fa èpò ń lé sí i lọ́dọọdún, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èrè lọ.

Àwọn kan ní kí n máa pààrọ̀ ohun tí mò ń gbìn, kí n sì gbin ohun tó máa bo ilẹ̀. Mo fẹ́ ṣe é. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mo háyà ilẹ̀ náà ni, ọdọọdún ni mo sì ń sanwó rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi oṣù mẹ́fà wà láìsí ẹ̀fọ́, kí ni màá fi sanwó? Bí àwọn ẹlòmíì bá tún rí i pé igbó ti bo ibẹ̀, wọ́n á ní mo ti fi í sílẹ̀, wọ́n á lọ bá onílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáOnílá_Alápẹ́rẹ̀

Ọmọ mi, o kú làálàá. Kí á tó sọ ohun tí wàá gbìn, jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn èpò tí o dárúkọ, nítorí ìwà wọn ò jọra.

Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún àti gbégi, hóró ni wọ́n fi ń tàn kálẹ̀. Hóró wọn kéré púpọ̀, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó hù. Dáńdá ní tirẹ̀ kò gbójú lé hóró. Kókó abẹ́ ilẹ̀ ló fi ń bí sí i. Kókó kan á na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dé ibòmíràn, kókó tuntun á yọ níbẹ̀, ìyẹn náà á tún na tirẹ̀. Bí o bá fi ọkọ́ gé okùn náà, kókó kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ á dá dúró, á hu ewé tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a ṣe ń ro ó tó ló ń pọ̀ sí i.

Wá wo iṣẹ́ tí tẹ̀tẹ̀ ń bá wọn ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí o fọ́n ọn, o ti fà á. O tún tú ilẹ̀, o tún da ìgbẹ́ adìyẹ, o tún bomi rin. Oòrùn ń ta sí ojú ilẹ̀ nígbà gbogbo, omi wà, oúnjẹ wà. Èpò wo ló máa rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní jókòó síbẹ̀? Ti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tún wá yàtọ̀, torí ìbátan tẹ̀tẹ̀ tí ò ń gbìn ni. Wọ́n jọ ń hù, wọ́n jọ ń dàgbà, ojú kì í sì í tètè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra nígbà tí wọ́n bá kéré. Wo ìdí ewé, níbi tí ewé ti so mọ́ igi. Ẹ̀gún kékeré méjì máa ń wà níbẹ̀. Èyí tó bá ti ní in, fà á lójú ẹsẹ̀, má jẹ́ kó yọ òdòdó.

Nítorí náà, kí o kúrò lórí tẹ̀tẹ̀ kí o bọ́ sórí ṣọkọ, ìyẹn ò tíì yí nǹkan padà, torí ìdílé kan náà ni tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ìdílé kan náà sì ni ewédú àti ilá. Ohun tí o nílò ni èyí tó ń pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn èyí tí kì í pẹ́, èyí tó ń tàkùn lẹ́yìn èyí tó ń nàró, èyí tí a ń wà lẹ́yìn èyí tí a ń já. Èpò tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ìlànà tẹ̀tẹ̀ á wá bá ìlànà mìíràn níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Kétu

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti apá ọjà.

Nígbà tí òjò bá le, ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ẹ̀fọ́ a máa kún ọjà Mile 12 bámúbámú. Gbogbo ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé ló ń gbin tẹ̀tẹ̀ nígbà yẹn. Èyí tí òjò bá sì lù, ẹrẹ̀ á ta sí i lára, kò ní pẹ́ rà, iyekíye tí oníbàárà bá dá lo máa gbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó lè bomi rin nìkan ló ní ẹ̀fọ́, owó rẹ̀ a sì gbéra. Àbúrò mi, ìgbà tí ẹ̀fọ́ kò lówó lórí yẹn gan-an ni kí o fi ilẹ̀ rẹ fún ohun tó máa bò ó. Ohun tí wàá pàdánù kò tó nǹkan.

Bí o bá sì gbin ẹ̀gúsí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, o máa rí nǹkan kó. Àwọn ìyá wa kì í gbin iṣu láìfi ẹ̀gúsí sáàárín ebè. Wọ́n ń wá ọbẹ̀, wọ́n sì ń fi pa èpò.

Agríìkì_Akọkà

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Ìyá sọ. Àwọn onímọ̀ èpò ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí yìí wò, wọ́n sì rí i pé ó ń dín èpò kù láàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kí o gbìn ín súnmọ́ra ni. Bí o bá gbìn ín jìnnà síra, èpò á ti gba àyè kí okùn rẹ̀ tó pàdé. Ro ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan dáadáa lẹ́yìn tó bá hù, kí ewé tó bo ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, má wọ inú rẹ̀ mọ́, torí bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ okùn rẹ̀, kò ní so dáadáa.

Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba mùkúnà. Ìbátan yèrèpè ni, àmọ́ èyí tí àgbẹ̀ ń gbìn kì í yúnni lára. Ní gúúsù ilẹ̀ Benin, tí kò jìnnà sí Badagry, koríko ẹ̀kan ti gba oko lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n gbé mùkúnà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí kí ilẹ̀ lè padà lọ́ràá ni àwọn onímọ̀ ṣe gbé e wá, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i bó ṣe ń fún ẹ̀kan pa, ìyẹn ló mú ọ̀pọ̀ wọn gbà á. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti lóye: ó máa ń fẹ̀ wúyẹ́, ewé rẹ̀ gbòòrò, ó ń nípọn, oòrùn ò sì ní dé ojú ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀kan àti dáńdá kò fẹ́ràn ìbòji rárá. Ní ti ajílẹ̀, gbòǹgbò mùkúnà ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, bíi ti ẹ̀wà.

Àǹfààní kan tún wà tí ẹni tó ń gbin ṣọkọ, ewédú àti ilá kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Aràn kan wà nínú ilẹ̀ tójú lásán kò lè rí, òun ló ń mú gbòǹgbò ẹ̀fọ́ wú ní kókókókó. Ó fẹ́ràn ẹ̀fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn gan-an, ṣùgbọ́n kì í gbèrú lórí mùkúnà. Bí o bá rí i tí ṣọkọ rẹ ń rọ lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀ omi wà nílẹ̀, fa ọ̀kan kí o wo gbòǹgbò rẹ̀.

Àgbẹ̀_Ìjẹ́gun

Ẹ̀gbọ́n Agríìkì, mo gba ọ̀rọ̀ yín lórí mùkúnà, àmọ́ abẹ́ wáyà iná ni arábìnrin wa wà. Mùkúnà máa ń gun ohunkóhun tó bá dúró. Ó máa gun òpó, ó máa gun okùn irin tó di òpó mú, àwọn òṣìṣẹ́ iná yóò sì wá gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó wà nítòsí. Ewu ńlá sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ gùn ún lọ já a. Jọ̀ọ́, àárín oko ni kó wà, kí ó jìnnà sí òpó, kí o sì máa fi àdá gé etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀.

Ejò náà ń kọ́? Ibi tí ewé bá ti nípọn, èkúté á wọ ibẹ̀, ejò á tẹ̀ lé èkúté. Máa wọ bàtà òjò tó gùn dé orúnkún kí o tó wọlé sínú rẹ̀, kí o sì fi ọ̀pá gbo ewé náà níwájú rẹ. Má rán ọmọdé wọ ibẹ̀.

ÌyáKúnlé_Ìpájà

Ẹ̀yin ará, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára, àmọ́ fún ẹni tó háyà ilẹ̀, tó fẹ́ rí owó, tí kò fẹ́ kí wọ́n ní ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dùnkún ni mo máa fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Kò sí ẹni tó máa rí bẹ́ẹ̀dì ọ̀dùnkún tó máa pè é ní igbó. Wàá jẹ nínú rẹ̀, wàá tà nínú rẹ̀, èpò á sì kú sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é, torí bí a ṣe gbìn ín ló máa sọ bóyá yóò borí èpò tàbí èpò yóò borí rẹ̀.

Kọ́kọ́ ro ilẹ̀ náà kó mọ́. Ọ̀dùnkún kò lè gba ilẹ̀ tí dáńdá ti wà lórí rẹ̀, ohun tó lè ṣe ni pé kó máà jẹ́ kí ó padà. Kọ ebè gígùn. Gé okùn rẹ̀ láti apá orí, níbi tó ṣì ń ṣe ọ̀dọ́, kí gígùn rẹ̀ tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Já ewé ìsàlẹ̀ kúrò. Kó o sábẹ́ ìbòji di ọjọ́ kejì, kí ojú ibi tí o gé lè gbẹ. Nígbà tí o bá ń gbìn ín, tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ sínú ilẹ̀, kí ojú mẹ́ta ó kéré tán wọlé, kí orí rẹ̀ yọ síta. Ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ọ̀kan sí èkejì tó. Bí o bá gbìn ín lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, o ò ní ṣe wàhálà omi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, fi ọwọ́ fa èpò tó bá ti yọ, kí o sì kó ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ máa ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù, torí ọ̀dùnkún kì í yára ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje, ewé á ti pàdé. Gbé ewé náà sókè nígbà yẹn kí o wo abẹ́ rẹ̀. Wàá rí dáńdá díẹ̀ tó ṣì ń gbìyànjú: ó ti gùn, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú èyí kò rí oúnjẹ tó láti bí kókó tuntun.

Ìgbà tí a bá ń wà á ni èrè ńlá wà. Ní bíi oṣù mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin, ọkọ́ á wọ ilẹ̀ jìnnà, ọ̀pọ̀ kókó dáńdá á sì jáde pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Ṣa wọ́n. Mú àpò kan dání fún wọn, bí o ṣe ń ṣa ọ̀dùnkún sínú apẹ̀rẹ̀ ni kí o máa ṣa kókó sínú àpò. Má dà wọ́n sí etí oko, wọ́n á hù níbẹ̀. Tẹ́ wọn sórí páànù tàbí sìmẹ́ǹtì nínú oòrùn títí wọn á fi gbẹ táútáú. Ṣa ọ̀dùnkún kéékèèké tó kù sílẹ̀ náà, nítorí bí o bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á hù láàárín tẹ̀tẹ̀ rẹ.

Ewé àti okùn rẹ̀ náà kì í ṣòfò. Ewé rẹ̀ ṣe é sè. Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti àgbò ń wá okùn rẹ̀, pàápàá bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé.

Ayára_Agége

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ kò kàn fi oògùn apèpò fín in? Ọjọ́ kan péré ni. Ìyá ń sọ oṣù mẹ́rin.

BàbáOnílá_Alápẹ́rẹ̀

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ó máa ń rẹni, owó alágbàṣe sì wọ́n. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Paraquat tí gbogbo wa mọ̀ nígbà kan, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2024, nítorí ó ń pa ènìyàn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń tà á fún ọ lábẹ́ tábìlì, má gbà á. Àti pé ewé nìkan ló ń jó. Kókó dáńdá wà nísàlẹ̀, kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn tó ń wọ gbòǹgbò kò mọ tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí èpò; bí atẹ́gùn bá gbé e, ẹ̀fọ́ náà á kú. Tún wo kànga tí a gbẹ́ sínú oko wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ohun tí o bá fín sórí ilẹ̀ lè dé inú rẹ̀, omi yẹn náà lo sì máa bù dà sórí ẹ̀fọ́ tí ẹnìkan máa sè fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí i.

Ayára_Agége

Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ ṣé.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́_Ọ̀jọ́

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣé gbogbo oko ni kí n fi gbìn ín ni? Kí ló sì máa tẹ̀ lé e?

Agríìkì_Akọkà

Rárá o, má ṣe gbogbo rẹ̀. Pín oko sí mẹ́ta. Ìpín kan ni kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọ́ lọ́dún kan, méjì tó kù á máa pa owó ilẹ̀ wọlé. Ibi tí dáńdá ti le jù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Gbin ọ̀dùnkún síbẹ̀ ní oṣù kẹrin nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa, wà á ní oṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, gbin ẹ̀wà síbẹ̀, èyí tó ń tàn nílẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń nàró. Yóò ti gbó kí ọdún tó parí, ilẹ̀ á sì ti rí oúnjẹ díẹ̀ gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ̀tẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tó ń pa owó. Ní ọdún kejì, kí ọ̀dùnkún lọ sí ìpín kejì.

Bí o bá wà á tí o rí i pé gbòǹgbò ti wú ní kókókókó, tàbí tí ṣọkọ rẹ ti ń fi àmì yẹn hàn tẹ́lẹ̀, mùkúnà ni kó gba ìpín yẹn láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án, kì í ṣe ọ̀dùnkún, torí aràn náà lè jẹ ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà. Gé mùkúnà kó tó so. Bí o bá fi í sílẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi dé, èso rẹ̀ á gbó, á dà sílẹ̀, òun náà á wá di èpò fún ọ. Má jó ohun tí o gé. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó bo ojú ilẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, o lè lọ́ ewúro tàbí ata sáàárín rẹ̀ láìtú ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí a ń fọ́n kò ní rọrùn láti hù lábẹ́ rẹ̀, hóró rẹ̀ ti kéré jù.

Àgbẹ̀_Ìjẹ́gun

Ẹ má gbàgbé ibi tí èpò ti ń wọlé. Èpò tí mààlúù jẹ, hóró rẹ̀ ń jáde láàyè nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ìgbẹ́ mààlúù láti ọjà mààlúù Kárà, tó ń dà á tútù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbin èpò ni. Kó o jọ pọ̀ ní òkìtì, bomi rin ín díẹ̀, máa yí i pa dà. Àárín rẹ̀ á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè dúró níbẹ̀, ooru yẹn ló ń pa hóró. Yẹ̀pẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi ọkọ̀ já fún wa náà, máa fọ́ ọ wò kí o tó sanwó. Bí o bá ti rí kókó dáńdá kan, dá a padà.

Ọ̀nà kan tún nìyí fún tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún àti gbégi, kò sì ná ọ lówó. Tú bẹ́ẹ̀dì, tọ́ ọ, bomi rin ín bí ẹni pé o ti fọ́n ẹ̀fọ́, àmọ́ má fọ́n nǹkan kan. Fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Èpò tó wà lókè á hù. Fi ọkọ́ fá ojú ilẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ nígbà tí oòrùn ń mú, kí o wá fọ́n tẹ̀tẹ̀ rẹ láìtún ilẹ̀ tú. Bí o bá tú u, hóró tó wà nísàlẹ̀ á tún gòkè.

ÌyáÌbejì_Kétu

Gbúre tó bá ń hù fúnra rẹ̀, má kà á mọ́ èpò o. Já a, di í, gbé e wá sọ́jà.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́_Ọ̀jọ́

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Bí mùkúnà bá so ní etí oko, ṣé a lè sè é bí ẹ̀wà?

Agríìkì_Akọkà

Má sè é bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní L-dopa, ó ń fa èébì àti orí yíyí. Ó nílò rírẹ sínú omi àti sísè lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n sì máa da omi rẹ̀ nù. Èyí tó bá so, fi ṣe irúgbìn, kí o sì fi pa mọ́ kí ọwọ́ ọmọdé má bàa tó o, torí ó jọ ẹ̀wà.

ÌyáKúnlé_Ìpájà

Àbúrò mi, mo máa gé okùn ọ̀dùnkún bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta sí i. Kọ̀wé sí mi níbí nígbà náà. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí o wá, kí oòrùn tó mú, kí o sì mú àpò ìrẹsì dání, má mú ọ̀rá, torí nínú ọ̀rá ó máa gbóná, ó sì máa rà kí o tó dé Ọ̀jọ́.